Bí Mo Ṣe Fi Bọ́ọ̀lù Líle Lé Andrew Lọ

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ má bi mí. Ọdún mọ́kànlá péré ni mo ti fi ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ń kó bọ́ọ̀lù, aṣọ àti bàtà sí ní Houston níbí. Kí lèèyàn fẹ́ rí kọ́ nínú òórùn ìbọ̀sẹ̀? Gbogbo ìmọ̀ mi ò ju bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù rọ̀ lọ. Ìwọ̀nba yẹn náà ni mo fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ mi.

Gbóyèga ni wọ́n ń pè mí. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, torí mo ṣì ń jẹun níbẹ̀. Ẹni tó bá fura, kó fi í sínú.

Ilé iṣẹ́ epo ni mo wà tẹ́lẹ̀, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Energy Corridor, mo jẹ́ ọ̀gá sítọ́ọ̀. Nígbà tí ọjà epo dẹnu kọlẹ̀, wọ́n kó àwa mẹ́rìnlélógún sínú yàrá kan, wọ́n fún wa ní dónọ́ọ̀tì jẹ, wọ́n ní ká máa lọ. Doyinsọ́lá ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni, òun ló rí iṣẹ́ bọ́ọ̀lù yìí lórí fóònù rẹ̀.

"Dádì Zoe," ó ní, "ó sàn ju kí ẹ máa jókòó bá àwọn olóṣèlú Nàìjíríà jà nínú tẹlifíṣọ̀n lọ. Wọn ò kúkú gbọ́ yín."

Bọ́ọ̀lù tibí kì í ṣe roboto bíi tiwa. Ó gùn, ó ṣe ṣóńṣó lójú méjèèjì. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ dé, awọ rẹ̀ á le gbagidi, á sì máa yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹni tó ń fọwọ́ jù ú lè fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní kicker, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì kọjá. Àwọn gìrìpá á ti forí sọ ara wọn fún wákàtí mẹ́ta, aṣọ wọn á ti dọ̀tí, imú á ti ṣẹ̀jẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá ké sí òun tí aṣọ rẹ̀ ṣì funfun báláú pé kó wá parí ẹ̀. Tó bá wọlé, wọ́n á gbé e sókè. Tí kò bá wọlé, ìyá rẹ̀ gan-an á pa tẹlifíṣọ̀n.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù tó le, òkúta ni.

Andrew ni kicker tiwa. Ọdún kẹrìndínlógún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rèé, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì, orí rẹ̀ ti pá. Òun ló mú mi jókòó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, ó gbé tówẹ́ẹ̀lì tútù lé mi lọ́wọ́ kan, búrọ́ọ̀ṣì lé èkejì. Wákàtí kan gbáko la fi ra bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo.

"Fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ṣé ó dá ọ lóhùn?"

Mo ní kò sọ nǹkan kan.

"Tí kò bá tíì dá ọ lóhùn, má dáwọ́ dúró."

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ní sí i nínú: ó ń pè mí ní G. Lẹ́tà kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń ka nǹkan lára ògiri dókítà ojú. "G, báwo ni? G, bọ́ọ̀lù dà?" Tí àwọn oníròyìn bá bi í léèrè bó ṣe ń gbá a, á ní, "G ló ń ṣe bọ́ọ̀lù mi." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ń bínú sí i lábẹ́lẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Alief, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀, Kóòṣì ni mí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ká mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́jọ́ kan, mo dé fìlà ẹgbẹ́, mo nawọ́ sókè, mo lejú. Omi ni mo ń pè fún. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ìròyìn ti tàn pé ọmọ Yorùbá ló ń darí eré. Bàbá Ọlákúnlé, tí wọ́n ti ń gbé Amẹ́ríkà láti ọdún 1982 tí wọn ò sì tíì wo eré náà dópin rí, bọ̀ mí lọ́wọ́ tagbáratagbára.

"Kóòṣì, ẹ ṣeun. Ẹ ò jẹ́ kí ojú tì wá."

Mi ò sọ pé mo jẹ́ kóòṣì. Mi ò sì sọ pé mi ò jẹ́ ẹ. Wọ́n fún mi ní ìjókòó iwájú, mo jókòó.

Oṣù kẹrin ọdún yìí ni wàhálà dé. Sístà Adébùnmí, opó kan ní Missouri City lẹ́bàá Houston níbí, ní ọmọ kan, Olúwaníyì, tí a ń pè ní Níyì. Ibí ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún méjìlélógún. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dára. Ẹgbẹ́ wa gbà á wọlé pé kó wá bá Andrew du ipò. Ẹgbẹ́ kì í gba kicker méjì. Tó bá di ìparí oṣù kẹjọ, ẹnì kan á dúró, ẹnì kan á lọ sílé.

Pásítọ̀ wa gbàdúrà lé Níyì lórí. Wọ́n ní kí ojú gólíkípà fọ́. Eré tí kò ní gólíkípà. Mo ṣe àmín tó ròkè.

Lẹ́yìn ìsìn, Sístà Adébùnmí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mi nínú oòrùn.

"Kóòṣì, ẹ̀yin lẹ wà nínú ilé. Ẹ bá mi bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀yin ni bàbá tó ní níbẹ̀."

"Ẹ dìde, sístà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣeé ṣe." Bí mínísítà ni mo ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí a wọ freeway, Doyinsọ́lá yíjú sí mi. "Ta lẹ fẹ́ bá sọ ọ́, Dádì Zoe? Búrọ́ọ̀ṣì?"

Mo tan rédíò.

Oṣù keje, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Ooru Houston, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Lówùúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Níyì rí mi ní ọ̀nà àárín yàrá ìwọṣọ, ó nà gbalaja sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà, Uncle." Àwọn gìrìpá tó tó ìlẹ̀kùn ní fífẹ̀ dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ béèrè pé kí ló já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, kí àwọn bá a wá a.

Orí mi wú. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbọ́ G nínú ilé yẹn, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi bí èèyàn.

Kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bá ẹgbẹ́ mìíràn díje, bọ́ọ̀lù kan náà ni gbogbo kicker ń gbá, lójú àwọn adájọ́ eré ni mo sì ń rà wọ́n. Ṣùgbọ́n níbi ìdánrawò, olúkálukú ló ní báàgì tirẹ̀. Ti Andrew búlúù, ti Níyì dúdú. Èmi nìkan ni mo ń fọwọ́ kan méjèèjì. Níbi ìdánrawò yẹn sì ni Jasmine, ọmọbìnrin kan tó ń bá àwọn kóòṣì gidi ṣiṣẹ́, ti ń kọ gbogbo bọ́ọ̀lù sílẹ̀: èyí wọlé, èyí ò wọlé.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìkà. Ó rẹ̀ mí ni. Mo ra ti Níyì títí tó fi dá mi lóhùn. Nígbà tó kan ti Andrew, ó ku méjì, mo dá wọn padà sínú báàgì bẹ́ẹ̀. Mo ní, ẹni tó ti ń gbá a fún ọdún mẹ́rìndínlógún, kí ni bọ́ọ̀lù méjì máa ṣe fún un?

Jasmine ka iye jáde nírọ̀lẹ́. "Níyì, méjìdínlógún nínú ogún. Andrew, mẹ́rìndínlógún."

Inú mi dùn. Mo fẹ́ parọ́ fún yín pé ẹ̀rí ọkàn ń dà mí láàmú, àmọ́ inú mi dùn. Sístà Adébùnmí pè mí, mo ní, "A ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí." A. Èmi àti ta ni?

Lọ́jọ́ kejì, mo fi mẹ́rin sílẹ̀ láìrà. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ń fi omi nu ojú gbogbo ti Andrew kó lè máa dán bí ohun tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Nínú, ó le bí èkùrọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Andrew wọlé wá bá mi, ó mú bọ́ọ̀lù kan dání.

"G, àwọn yìí le."

Tówẹ́ẹ̀lì ni mo ń ká. Mi ò gbójú sókè. "Awọ ni. Awọ tuntun ni wọ́n kó wá lọ́dún yìí."

"Ti ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Tiẹ̀ tiẹ̀ le jù."

"O sì rà á bí a ṣe máa ń rà á?"

"Àtàńpàkò mi fẹ́ẹ̀ já, Andrew."

Ó wo bọ́ọ̀lù, ó wo mí. Báàgì Níyì ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ sí ibi tó dúró sí. Kó kàn rìn débẹ̀, kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ á ti parí.

"Tí o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, G," ó ní, ó sì jáde.

Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbà mí gbọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni Andrew ti ń yí padà lójú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó ń di yìnyín mọ́ itan. Ó yí bàtà padà, ó yí ìṣísẹ̀ padà, ó ń fi agbára gbá a bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ìlẹ̀kùn. Níyì, ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ló tún ń kọ́ lẹ́yìn ìdánrawò. Mo ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà.

"Mí kanlẹ̀ kí o tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù," Andrew á ní. "O ń sáré. Ta ló ń lé ọ?"

"Sorry, sir."

"Má pè mí ní sir. Ó ń jẹ́ kí n rò pé mo ti kú."

Ó dé ìdíje kejì nínú mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán wọn wò. Ibi tí wọ́n ti ní kí Andrew gbá a kò ju yáàdì méjìdínlógójì lọ, ibi tó lè gbá a wọlé lójú oorun. Bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn rọ̀. Èmi fúnra mi ni mo rà á, àwọn adájọ́ dúró tì mí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbàgbé bí bọ́ọ̀lù rírọ̀ ṣe rí. Ó gbá a bí ẹni gbá òkúta, bọ́ọ̀lù fẹ̀gbẹ́ gba òpó, ó já bọ́. Andrew bojú wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni mo bàjẹ́. Ṣé mo wá jáwọ́? Mi ò jáwọ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù, Sístà Adébùnmí sì ti ń gbààwẹ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday, wọ́n ní kí Andrew kó tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ fún un wá sọ́dọ̀ ọ̀gá. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló mọ ohun tí gbólóhùn yẹn jẹ́: wọ́n ti lé e nìyẹn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fóònù mi fi dún.

"Kóòṣì, ẹ ti ṣe é." Ẹkún ni Sístà Adébùnmí ń sun. "Ọmọ yín ti wọlé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́."

"Ọlọ́run ni, sístà." Mo ti wá ń fi Ọlọ́run bo ara mi.

Andrew wá kó ẹrù rẹ̀ nínú yàrá mi: bàtà, ìbọ̀wọ́, fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ń bá a di í. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú, ẹ gbọ́ mi o, pé bẹ́ẹ̀ layé rí, ìgbà ò lọ bí òréré. Níyì wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó mú bọ́ọ̀lù kan àti bírò dání.

"Andrew, please," ó ní, "ṣé ẹ lè kọ orúkọ yín sí i fún mi?"

Andrew rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbà á. Ó gbé e lé orúnkún, ó ṣí bírò. Ó fi àtàńpàkò òsì dì í mú kó má yí.

Àtàńpàkò yẹn rì wọnú bọ́ọ̀lù.

Mo rí i. Ó gbé àtàńpàkò kúrò, ó tún un tẹ̀. Ó yí i sí òdì kejì, ó tẹ ibẹ̀ náà.

"Níbo lo ti mú èyí?" ó bi Níyì.

"Báàgì mi ni. Èyí tí mo fi ń practice láti July."

Andrew yíjú, ó wò mí. Ẹ̀yin èèyàn, àwọn ọlọ́pàá ti dá mi dúró rí lórí freeway, wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́ rí, ẹnikẹ́ni ò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ilẹ̀ ò kúkú lanu. Mo mú tówẹ́ẹ̀lì tí mo ti ká, mo tún un ká.

Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí bọ́ọ̀lù náà, ó fún Níyì, ó gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Máa lọ. Wọ́n ń dúró dè ọ́."

Níyì ò tètè lọ. Ó wo Andrew, ó wo mí. Nígbà tó jáde, Andrew ti ìlẹ̀kùn.

"Gbóyèga," ó ní.

Ó pè é dáadáa. Ó mọ̀ ọ́n pè láti ìgbà yìí wá.

"Awọ tuntun, àbí?"

Mo gbé tówẹ́ẹ̀lì sílẹ̀.

"Mo lọ ya fọ́tò egungun ìbàdí mi nítorí awọ tuntun yẹn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹsẹ̀ mi ti kú. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi lórí oúnjẹ." Kò pariwo. Ì bá ti pariwo, ì bá sàn fún mi. "Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Mo wá ìdáhùn nínú ara mi. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé ó ń pè mí ní G. Ohun tí mo fi di èèyàn sínú fún ọdún mọ́kànlá nìyẹn, mi ò sì lè mú un jáde lẹ́nu, torí kò tó nǹkan.

"Jẹ́ kí n lọ sọ fún ọ̀gá," mo ní. "Ní báyìí. Kí wọ́n pè ọ́ padà."

"Kí wọ́n ṣe kí ni? Wọ́n á lé ìwọ. Wọ́n á lé ọmọ yẹn, wọ́n á ní ó mọ̀ sí i. Wọ́n á gba ẹni kẹta tí kò mọ èyíkéyìí nínú wa." Ó gbé páálí rẹ̀. "Má sì sọ fún ọmọ náà. Kicker tó bá ti ń ṣiyèméjì ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti tán. Mo mọ̀ bó ṣe rí. O ti jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n."

Ó fèjìká ṣílẹ̀kùn, ó lọ.

Nígbà tí mo délé, mo ro gbogbo ẹ̀ fún Doyinsọ́lá. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ ò bá kúkú ti sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bọ́ọ̀lù lẹ ń nù."

"Ojú ń tì mí."

"Ojú ń tì yín láti nu bọ́ọ̀lù," ó ní. "Ojú ò wá tì yín láti..."

Kò parí ẹ̀. Ó dìde lọ gbé omi kaná.

Lánàá, Friday, Níyì wá sílé wa tòun ti bí ọkọ̀ ṣe kún ojú ọ̀nà láti Missouri City. Zoe ọmọ wa ní kó jókòó, kò jókòó. Doyinsọ́lá ní kó jẹun, ó ní kò ní pẹ́.

"Uncle, that day," ó ní, "Andrew tẹ bọ́ọ̀lù mi, then ó wo yín. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Mo ti text ẹ̀. Kò dáhùn." Ó ń wo ojú mi gan-an, ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ máa ṣe sí àgbà. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé mo beat ẹ̀, àbí mi ò beat ẹ̀?"

Mo ní orí ń fọ́ mi. Mo ní kó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, a máa sọ ọ́. Doyinsọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdíje gidi àkọ́kọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló máa jókòó máa wo ẹsẹ̀ ọmọ yẹn. Tí mo bá sọ òtítọ́ fún un, mo lè fọ́ ẹsẹ̀ òun náà bí mo ṣe fọ́ ti Andrew. Tí mi ò bá sọ ọ́, mo tún ti parọ́ fún ẹni kejì tó gbà mí gbọ́ nínú yàrá kan náà, ó sì ti ń fura. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún pásítọ̀ pé kí wọ́n pè mí jáde síwájú ìjọ, kí n wá sọ bí Ọlọ́run ṣe lò mí.

Ọ̀la ni ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí ni kí n sọ fún ọmọ náà?